Ọkùnrin Tó Kú Lára Aṣọ Funfun

Nígbà tí ọkùnrin tó ń wúkọ́ lára aṣọ funfun náà gbójú sókè, Ìbílọlá rí i pé ọkọ òun ni.

Kò kọ́kọ́ gbà á gbọ́. Ó fi etí ìró nu ojú, ó tún wò. Gbọ̀ngàn kóòtù kún dẹ́nu lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Wọ́n ti fi ẹní àti aṣọ tó nípọn dí gbogbo fèrèsé kí oòrùn má baà wọlé, ooru sì mú bí inú ààrò. Lóde, ẹ̀rọ tó ń fún sinimá níná ń pariwo lórí ọkọ̀ ìjọba. Lára aṣọ funfun tí wọ́n ta mọ́ ògiri, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan jókòó sórí ẹní, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ní àpá kékeré kan lókè ojú òsì. Ìbílọlá mọ àpá náà. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ló gbé omi àlùwàlá síwájú ẹni tó ni ín.

“Ikọ́ ẹ̀gbẹ ló ń ṣe ọkùnrin yìí,” Tíṣà Ọláoyè wí. Olùkọ́ ilé ìwé ìjọ ni, òun ni wọ́n sì bẹ̀ pé kó máa túmọ̀ sinimá fún ìlú, nítorí sinimá náà kò ní ohùn. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ náà pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́. “Ẹ wò ó bó ṣe ń tutọ́ sílẹ̀. Ẹ wo àwọn ọmọ tó ń ṣeré níbẹ̀. Ohun tí ìjọba ní kí ẹ má ṣe nìyẹn.”

Ṣáájú èyí, ọ̀sán náà ti dùn. Wọ́n ti kọ́kọ́ fi ìlú òtútù kan hàn, níbi tí yìnyín bo òrùlé ilé bí òwú, tí Kùdírátù, ìyá Ìbílọlá, fi ń béèrè bóyá wọ́n máa ń ṣàn án nù. Wọ́n fi àwọn òyìnbó oníbọn hàn, tí wọ́n ń gun ẹṣin lé ara wọn lórí òkè, títí ìbọn fi ba onírùngbọ̀n àárín wọn, tó sì já sínú odò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé òyìnbó ọlọ́ràá kan jáde, tó gun orí òrùlé nítorí adìẹ tó sá mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó yọ̀, ó já bọ́ sínú agbada ìyẹ̀fun, ó sì jáde ní funfun bí egúngún. Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín títí omi fi ń jáde lójú àwọn kan. Ìbílọlá náà rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ di ikùn rẹ̀ mú, nítorí oyún oṣù márùn-ún wà nínú rẹ̀. Ó ń dun ún pé ọkọ òun kò wá. Ó ti bẹ̀ ẹ́ láti àárọ̀, ṣùgbọ́n Àkíbù kò gbé ojú kúrò lórí máṣìn ìránṣọ rẹ̀. Ó ní iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ òun.

Nísinsìnyí, kò sí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín mọ́. Lára aṣọ, àìsàn ọkùnrin náà ń le sí i. Wọ́n gbé e dùbúlẹ̀. Ìyá arúgbó kan bomi sí i lẹ́nu, omi náà sì ṣàn padà sí àgbọ̀n rẹ̀. Orí rẹ̀ yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Arúgbó náà ká ọwọ́ lérí. Wọ́n fi aṣọ funfun wé e, ọkùnrin mẹ́rin gbé e jáde, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í da erùpẹ̀ sínú ihò.

“Àkíbù télọ̀ rèé!” ẹnì kan ké láti ẹ̀yìn. “Àkíbù télọ̀ ni wọ́n ń sin yìí!”

Ni gbọ̀ngàn bá dàrú. Àwọn ènìyàn ń dìde, àga ń ṣubú, ẹnì kan sì fa ẹní kan já lójú fèrèsé, tí oòrùn fi kọlu aṣọ funfun náà, tí àwòrán inú rẹ̀ fi parẹ́. Àwọn tó wà nítòsí Ìbílọlá sún kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

Kùdírátù di ọwọ́ rẹ̀ mú. “Dìde. Má wẹ̀yìn. À ń re ulé.”

Kì í ṣe ilé ọkọ rẹ̀ ni ìyá rẹ̀ mú un lọ.

*

Kí oòrùn tó wọ̀, ọ̀rọ̀ náà ti kárí Adó. Nínú ilé bàbá rẹ̀ ní Òkè-Ìlá, Ìbílọlá jókòó sí yàrá, ó ń gbọ́ ohùn àwọn àgbà ní pálọ̀. Bàbá rẹ̀, Múdàṣírù, ń ta obì ní Ọjà Ọba. Ẹni tí kì í yára sọ̀rọ̀ ni. Sẹ̀gilọlá, àbúrò bàbá rẹ̀, ló ń sọ púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà.

“Akúdàáyà ni,” Sẹ̀gilọlá wí. “Ó kú sí ìlú tí wọ́n ti bí i, ó wá ń gbé lọ́dọ̀ wa bí alààyè. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Láti ọdún méjì tó ti wà ní Adó, ta ló wá kí i rí? Ìlú wo ló sọ pé òun ti wá? ‘Apá Ìbàdàn.’ Ṣé apá Ìbàdàn lorúkọ ìlú?”

“Mùsùlùmí ni mí, Sẹ̀gilọlá,” Múdàṣírù dáhùn. “Ọjọ́ àjíǹde nìkan ni òkú ń dìde.”

“Ta ni wọ́n wá sin lójú gbogbo ìlú?”

Múdàṣírù ń fa ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀síbáà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ètè rẹ̀ kò mì.

Àkíbù fúnra rẹ̀ ló dé bá wọn lórí ọ̀rọ̀ náà. Téèpù tó fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà.

“Ẹ kúùrọ̀lẹ́, Bàbá. Ẹ kúùrọ̀lẹ́, Ìyá.”

Nígbà tó fẹ́ wọlé, Múdàṣírù gbé ọwọ́ sókè.

“Dúró síbẹ̀. Ṣé ìwọ ni wọ́n rí nínú sinimá?”

“Èmi ni, Bàbá.”

Kùdírátù lọgun. Àkíbù yára sọ̀rọ̀. “Eré ni, Bàbá. Èkó ni mo wà nígbà náà, mò ń kọ́ṣẹ́ ìránṣọ. Òyìnbó oníṣègùn kan ń wá ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó lè ṣe bí aláìsàn. Mo wúkọ́. Mo dùbúlẹ̀, mo dijú. Igi ni wọ́n wé sínú aṣọ tí wọ́n gbé lọ sínú ihò, kì í ṣe èmi. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo padà sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi.”

“Ukú kì í ṣeré,” Múdàṣírù wí.

“Mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀, Bàbá.”

“Ó dára. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ tó bá ọ wá ní ọjọ́ nìkàá, ránṣẹ́ pè é. Kí ó wá jẹ́rìí níwájú wa pé ìwọ kò kú rí. Ọ̀rọ̀ á tán.”

Àkíbù wo ilẹ̀.

“Kì í ṣe ẹbí mi, Bàbá. Télọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi ni, ará Ìkẹ́rẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́ kó bá mi dúró ni.”

Ìbílọlá ti jáde wá síbi aṣọ ìkélé láì mọ̀ pé òun dìde. Ó rántí ọkùnrin náà dáadáa. Ó rántí bó ṣe gbé ọwọ́ lé òun lórí, tó ní, “Ìyàwó wa, ilé wa á rọ̀ ọ́ lọ́rùn.”

“Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi?” ó béèrè.

Àkíbù gbójú sókè wò ó. “Mo fẹ́ sọ ọ́ lọ́jọ́ gbogbo. Ẹnu mi kò gbà á.”

“Máa lọ,” Múdàṣírù wí. “Ọmọ mi kò ní tẹ̀ lé ẹni tí mi ò mọ orírun rẹ̀.”

*

Ọjọ́ kejì, àwọn oníbàárà Àkíbù wá kó aṣọ wọn. Àwọn kan kó èyí tó ti gé lápá kan. Àwọn kan kò wọlé rárá, wọ́n dúró lójú títì, wọ́n ní kó ju aṣọ náà sí àwọn. Obìnrin kan ló sọ ọ́ fún Kùdírátù lójú omi, Kùdírátù sì sọ ọ́ nílé bí ẹni tí inú rẹ̀ kò dùn sí i. Ìbílọlá kò jẹun ní àárọ̀, kò jẹ ní ọ̀sán. Nígbàkígbà tó bá dijú, ó ń rí omi tó ṣàn padà láti ẹnu Àkíbù.

Ọ̀sán ń rọ̀ nígbà tí Sẹ̀gilọlá wọlé pẹ̀lú abọ́ àgbo kan, tó gbé e sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Omi inú rẹ̀ dúdú, ó sì ń rùn bí ewé tó ti rà.

“Mu ún,” ó wí. “Nítorí ìwọ fúnra rẹ ni. Kò sí obìnrin tó bímọ fún òkú tó rí ọmọ náà gbé jó.”

Ìbílọlá wo ìyá rẹ̀. Kùdírátù dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò lè wo ojú ọmọ rẹ̀.

“Ìyá, ṣé ẹ̀yin ni ẹ ní kí wọ́n sè é?”

“Ẹ̀rù ń bà mí, ọmọ mi. Ojú mi ló rí i. Mo rí i tí wọ́n da ilẹ̀ lé e lórí.”

Nígbà náà ni ọmọ inú rẹ̀ yí padà, bó ṣe máa ń ṣe nírọ̀lẹ́. Ìbílọlá fi ọwọ́ lé ibẹ̀. Ó rò ó pé ohun tí òun rí lánàá, òun rí i nínú ẹkún àti ìjayà, òun kò sì wò ó parí. Ṣé nítorí ohun tí òun kò wò parí ni òun yóò ṣe gbé abọ́ yìí mu?

“Ọ̀la ni ọjọ́ ìkẹyìn tí àwọn onísinimá máa lò,” ó wí. “Mo máa tún lọ wò ó. Lẹ́yìn náà, ẹ̀yin ẹ bi mí léèrè.”

“O fẹ́ tún lọ wo òkú?” Sẹ̀gilọlá kígbe.

“Mo fẹ́ lọ wo ọkọ mi,” Ìbílọlá wí, ó sì fi ẹsẹ̀ ti abọ́ náà sẹ́yìn.

*

Gbọ̀ngàn kò kún bíi ti ọjọ́ kìíní. Àwọn tó wá kúrò lọ́nà fún un nígbà tó ń kọjá lọ síwájú. Ó jókòó sí àga àkọ́kọ́, níbi tí aṣọ funfun náà ti sún mọ́ ọn tó fi ń rí ojú ìránṣọ etí rẹ̀.

Yìnyín tún bo òrùlé. Àwọn ẹlẹ́ṣin tún gorí òkè, ó sì wò wọ́n lónìí bí ẹni tó ń wo iṣẹ́ ọwọ́. Ó rí i pé onírùngbọ̀n náà ti tú ẹsẹ̀ kúrò nínú okùn gàárì kí ìbọn tó dún. Ó já sínú odò náà gẹ́lẹ́ bó ṣe já níjẹta, omi sì fò sókè bákan náà. Ọlọ́ràá gun òrùlé, adìẹ fò. Ìbílọlá mọ ibi tí yóò ti yọ̀. Ibẹ̀ náà ló ti yọ̀. Ó jáde nínú ìyẹ̀fun ní funfun, àwọn ènìyàn sì tún rẹ́rìn-ín bí ẹni tí kò rí i rí.

Ó yà á lẹ́nu pé ẹnu òun náà ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọkùnrin yìí ti já láti orí òrùlé lójú òun, kò sì sí ẹnikẹ́ni ní Adó tó ń bẹ̀rù rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni Àkíbù dé.

Ìbílọlá kò dijú. Nígbà tí wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó fi ojú wá àyà rẹ̀. Nígbà tí omi ṣàn padà, ó rí i pé ọ̀fun rẹ̀ gbé díẹ̀ mì. Orí rẹ̀ yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, arúgbó náà ká ọwọ́ lérí. Ìgbà náà ni eṣinṣin kan bà lé òkú náà létè. Ó rìn láti igun ètè kan dé àárín. Ètè náà gbọ̀n pìrì, eṣinṣin sì fò lọ.

Ìbílọlá bú sẹ́rìn-ín sókè ketekete. Tíṣà Ọláoyè dákẹ́, gbogbo gbọ̀ngàn yíjú sí i. Ó ń rẹ́rìn-ín síbẹ̀ nígbà tó rí i pé omijé ti rin ọrùn bùbá òun.

Nígbà tí wọ́n tú ẹní kúrò lójú fèrèsé, ó lọ bá tíṣà.

“Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ ọkùnrin tó ń yí ẹ̀rọ yẹn. Kó tún gbé ti oníkọ́ sí i lẹ́ẹ̀kan péré, kí n lọ pe bàbá mi.”

“Wọ́n ti fẹ́ di ẹrù, ìyàwó. Ìlú Ìyìn ni wọ́n ń lọ.”

“Ẹ wo ikùn mi, Tíṣà.”

Ọláoyè wò ó, ó sì mọ ohun tí ó ń wí. Ó ti gbọ́ nípa àgbo náà. Kò sí ohun tí ìlú kò gbọ́. “Sáré,” ó wí. “Mo máa dá wọn dúró.”

Ọjà Ọba kò jìnnà sí kóòtù. Ìbílọlá bá bàbá rẹ̀ nídìí apẹ̀rẹ̀ obì rẹ̀, ó ń ṣa èyí tí kòkòrò ti jẹ kúrò lára èyí tó dára.

“Bàbá, ẹ wá wo eṣinṣin.”

“Eṣinṣin kí ni?”

“Èyí tó bà lé òkú. Ẹ dìde, Bàbá. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín.”

Múdàṣírù kò wọ ilé sinimá rí. Ó ní ère ni, kò yẹ mùsùlùmí. Wọ́n ti tún fi ẹní dí fèrèsé nígbà tí wọ́n dé. Ó dúró sí ẹ̀yìn inú gbọ̀ngàn náà pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́, kò jókòó. Nígbà tí Àkíbù yọ lára aṣọ funfun náà, tó gbójú sókè, tó sì wúkọ́, bàbá náà fi ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn. Ìbílọlá di aṣọ rẹ̀ mú. Eṣinṣin bà. Ètè gbọ̀n.

“Ẹ tún un ṣe,” Múdàṣírù wí.

Ọkùnrin onísinimá náà kùn, ṣùgbọ́n ó yí i padà. Eṣinṣin tún bà. Múdàṣírù rìn lọ síwájú díẹ̀díẹ̀ títí òjìji orí rẹ̀ fi bọ́ sára aṣọ náà.

“Òkú kì í lé eṣinṣin,” ó wí níkẹyìn.

Ó dé fìlà rẹ̀. Wọ́n jáde sójú títì. “Mo máa sọ fún Sẹ̀gilọlá kó da àgbo rẹ̀ nù. Kò kú, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tó yá ẹbí lò láti fi fẹ́ ọmọ mi, ìyẹn kò sí nínú sinimá. Ìyẹn, mi ò tíì rídìí rẹ̀.”

“Èmi náà ò tíì rídìí rẹ̀, Bàbá,” Ìbílọlá wí, ó sì yà sí ọ̀nà ilé ọkọ rẹ̀.

*

Àkíbù ti tú orí máṣìn kúrò lórí tábìlì, ó ti fi àpò wé e. Nígbà tó rí i, ó dìde, ó sì tún jókòó.

“Níbo lẹ̀ ń lọ?” Ìbílọlá béèrè.

“Ibi tí wọn kò tíì gbé sinimá dé.”

“Wọ́n á dé ibẹ̀ lọ́jọ́ kan.”

Ìbílọlá fa àpótí kan, ó jókòó síwájú rẹ̀. “Mo ti wò ó lẹ́ẹ̀mẹrin. Mo mọ̀ pé ẹ kò kú. Ẹ sọ èyí tí mi ò mọ̀ fún mi.”

Ọkọ rẹ̀ fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu. Ó ti ń ṣú díẹ̀díẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, àwọn tó ń kọjá sì ń yọjú, wọ́n ń lọ.

“Ìwó ni ìlú mi,” ó wí. “Ìyá mi wà níbẹ̀. Mi ò sọ fún un pé mo ṣe irú eré bẹ́ẹ̀ ní Èkó, mo rò pé bó bá ti parí, ó parí náà nìyẹn. Wọ́n gbé sinimá náà dé Ìwó. Wọ́n ní kí gbogbo ènìyàn wá wò ó, ìyá mi náà sì lọ. Kò rí sinimá rí, Ìbílọlá. Kò mọ̀ pé ènìyàn lè kú kó má kú. Ó rí mi tí mò ń wúkọ́. Ó rí ìyá mìíràn tó ń bomi fún mi, ó sì dìde láàárín àwọn ènìyàn, ó ní, ‘Ẹ jẹ́ kí n gbé omi fún ọmọ mi.’”

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká téèpù rẹ̀ mọ́ ìka.

“Wọ́n sọ fún un pé eré ni. Kò gbà, ìbànújẹ́ náà sì dá a dùbúlẹ̀. Wọ́n ránṣẹ́ sí mi ní Èkó, ọ̀nà jìn, iṣẹ́ náà pẹ́ kó tó dé. Ọjọ́ kẹsàn-án ni mo wọ Ìwó. Wọ́n ti sin ín lọ́jọ́ keje. Ìyá mi kú, ó mọ̀ dájú pé mo ti ṣáájú òun lọ. Bàbá mi jáde sí mi lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní òun ti sin èèyàn méjì, kí n máa lọ.”

Ìbílọlá ti ń bínú bọ̀ láti ilé bàbá rẹ̀. Ó wá ìbínú náà, ó rí i pé ó ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti yí ojú síbòmíràn. Ó ronú sí obìnrin kan tó dìde nínú òkùnkùn tó fẹ́ gbé omi. Òun náà jókòó nínú irú òkùnkùn bẹ́ẹ̀, òun náà sì gbà á gbọ́. Bí kò bá sí ọjọ́ kẹta, abọ́ Sẹ̀gilọlá ni ì bá mu.

“Ìwó la ń lọ,” ó wí.

“Bàbá mi kò ní jẹ́ kí n wọlé.”

“Ẹ ó dúró lẹ́nu ọ̀nà nígbà náà. Èmi náà á dúró. Kó wo ojú yín, kó wo ikùn mi. Bó bá lé wa, ó lé wa. Bàbá mi fẹ́ mọ ẹbí tí òun fọmọ fún, èmi náà sì fẹ́ mọ̀ ọ́n. Mi ò lè bímọ fún ẹni tó ń sá.”

“Ẹ̀rù ń bà mí, Ìbílọlá.”

“Ó ń ba èmi náà.”

Ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká àwọn aṣọ tí àwọn tó ni wọ́n kò tíì wá gbé. Ó ń tò wọ́n sórí ara wọn kó lè dá wọn padà kí àwọn méjèèjì tó wọ ọkọ̀ lọ́la. Ó ká mẹ́ta, ó dúró.

“Kí ni orúkọ ìyá yín?”

Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra, kò bi í rí, òun náà kò sì dárúkọ rẹ̀ rí. Àkíbù fi ọwọ́ lé máṣìn tó ti wé.

“Àwẹ̀ní,” ó wí. “Sàfúrátù Àwẹ̀ní.”

Ìbílọlá pe orúkọ náà jẹ́jẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, kó lè mọ̀ ọ́n pè dáadáa nígbà tí wọ́n bá débẹ̀.